Nígbà Tí Ẹ̀rù Ìdánwò Bá Ń Yan Ọ̀nà Ìkàwé fún Wa

Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí lára ara mi nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí mo sì ń rí lára àwọn tí mo ń bá jókòó kàwé títí di òní. Bí ìdánwò bá ṣe ń sún mọ́lé, ìwé kíkà wa kì í kàn pọ̀ sí i, ìwà rẹ̀ pàápàá máa ń yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ dájú pé orí kẹfà nínú ìwé ni kò yé òun yóò tún ṣí orí kejì, èyí tó ti mọ̀ bí ẹni mowó, nítorí pé ara máa ń tu ènìyàn nídìí ohun tó ti mọ̀. Ẹlòmíràn yóò fi odindi ọ̀sán kan ṣètò àkókò ìkàwé, yóò fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún, ilẹ̀ yóò sì ṣú kí ó tó ka ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹnìkẹta kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kan ìwé náà rárá. Àwọn ará ilé yóò máa pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá ti kan èèpo ẹ̀yìn ìwé náà báyìí ni àyà rẹ̀ ń já.

Mo ti wá gbà pé ibi tí másùnmáwo ìdánwò ti ń ṣe ìpalára jù ni pé ó ń gba ipò olùkọ́. Òun ló ń sọ ohun tí a ó kà, ìgbà tí a ó kà á àti bí a ó ṣe kà á, ohun tó sì máa ń yàn ni èyí tí yóò fi wá lọ́kàn balẹ̀ fún wákàtí kan, ì báà jẹ́ pé kò ní sí nínú iyè wa mọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ìdí nìyí tí n kò fi ka ìmọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ "ṣáà fọkàn balẹ̀" sí nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni àwọn ènìyàn fi ń sọ ọ́. A kì í pàṣẹ fún ọkàn pé kó balẹ̀. Ohun tó wà níkàáwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bí ó ṣe ń kàwé, nígbà tí ó bá sì tún ìyẹn ṣe, ẹ̀rù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kò ní tán. Yóò kàn dín kù dé ibi tí a ti lè máa bá a gbé.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bẹ̀rù ẹ̀rù fúnra rẹ̀. Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Yunifásítì Harvard, ti ṣàlàyé láti 1915 bí ara ẹranko ṣe ń múra láti jà tàbí láti sá nígbà tí ewu bá yọjú. Àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín a máa tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà a bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, èémí a yára, ẹ̀jẹ̀ a fi inú ikùn sílẹ̀ lọ sí apá àti ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ a sì máa làágùn. Gbogbo èyí wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ẹranko búburú ń lé. Fún ẹni tó jókòó sórí àga, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣe ìṣirò lọ, agbára náà kò rí ibi lọ, ó sì dà bíi pé nǹkan ń ṣe é. Síbẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Ara rẹ̀ kàn gbà pé ohun pàtàkì kan ń bọ̀ ni, kò sì purọ́.

Ẹ̀rù díẹ̀ tilẹ̀ máa ń ṣe àǹfààní. Robert Yerkes àti John Dodson tẹ ìwádìí kan jáde ní 1908, nínú èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ta eku nígbà tí eku bá gba ọ̀nà tí kò tọ́. Wọ́n rí i pé nígbà tí iṣẹ́ náà rọrùn, bí iná bá ṣe ń le sí i ni eku ń tètè mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ náà ṣòro, iná tó mọ níwọ̀n ló ṣiṣẹ́ jù, èyí tó bá le jù a sì fà wọ́n sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé eku kì í ṣe ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn ló sì ti fa ìwádìí kékeré yìí lọ síbi tí kò dé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ ìdánwò tí kò kà sí rárá, tó sì ti kọ òmíràn tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ìbéèrè kà, yóò mọ̀ pé àwọn eku náà sọ òótọ́ kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni ohun tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Liebert àti Morris, sọ ní 1967, pé ẹ̀rù ìdánwò ní apá méjì tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Apá kan jẹ́ ti ara: àyà tó ń já, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ikùn tó ń ru. Apá kejì jẹ́ ti èrò, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ lábẹ́lẹ̀: "Kí ni màá wí nílé bí mo bá fìdí rẹmi? Gbogbo wọn ló ti ń kọ̀wé, èmi nìkan ni mo ṣì ń wò." Ìwádìí tó tẹ̀lé tiwọn fi hàn léraléra pé apá ti èrò yìí ló ń jẹ máàkì wa jù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ibi tí ọpọlọ ti ń gbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ kò fẹ̀, bí nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló lè mú dání lẹ́ẹ̀kan náà. Bí "kí ni màá wí nílé" bá ti gba àyè kan níbẹ̀, tí "àkókò ti lọ" sì gba òmíràn, èwo ló kù tí a ó fi ṣe ìṣirò? Akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ iṣẹ́ o. Àyè tó yẹ kó fi ṣe é ni èrò ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, n kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n jà. Alison Wood Brooks, olùkọ́ kan ní Harvard, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2014 tó fi hàn pé àwọn tí ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ níwájú ènìyàn tàbí ìdánwò ìṣirò ṣe dáadáa sí i nígbà tí wọ́n sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti wà lọ́nà, ju ìgbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti rọ ara wọn pẹ̀sẹ̀ lọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Ìgbà tí inú bá ń dùn gan-an, àyà náà a máa lù bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti yí ìtumọ̀ ìlù náà padà ju kí a dá a dúró lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìwé kíkà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ni ẹ̀rù fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀nà ìkàwé? Àtúnkà ni. Kí a ṣí ìwé, kí a kà á láti òkè dé ilẹ̀, kí a fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó dára, kí a tún padà sí òkè. Ní ìgbà kẹta, gbogbo rẹ̀ a máa dán mọ́rán lójú, kò sí gbólóhùn tó ṣàjèjì mọ́, ọkàn a sì sọ pé, "Mo ti mọ èyí." Ṣùgbọ́n ìwé tí a mọ̀ báyìí dà bí ẹni tí à ń pàdé lójú ọ̀nà lójoojúmọ́ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá rí i, a ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá ní kí a wá pè é jáde láti inú ilé, kò sí ohun tí a ó pè. Ìdánwò kì í bi wá bóyá a ti rí ọ̀rọ̀ náà rí. Ó ń ní kí a pè é jáde.

Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n fún àwọn kan ní àyọkà kan kà ní ìgbà mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kà á ní ìgbà kan ṣoṣo, kí wọ́n wá fi ìgbà mẹ́ta tó kù kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn alátùn-únkà ló borí: wọ́n rántí nǹkan bí ìdá 83 nínú 100, nígbà tí àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí 71. Ẹni tó bá fi ibẹ̀ mọ yóò sọ pé àtúnkà ló dára jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn alátùn-únkà ti já wálẹ̀ sí 40, àwọn kejì sì ṣì mú 61 dání. Èyí tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ṣáájú bí wọ́n ṣe rò pé àwọn yóò rántí tó, àwọn tó kà á ní ìgbà mẹ́rin ni ọkàn wọn balẹ̀ jù. Ọ̀nà tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ jù lọ náà ló já wọn kulẹ̀ jù lọ.

Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ti mú tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pa ìwé dé, tó mú bébà òfìfo, tó sì ní kí òun kọ ohun tí òun mọ̀ nípa orí kẹfà, bóyá ìlà mẹ́ta péré ni yóò jáde. Ìrora ni. Ojú a tì í níwájú ara rẹ̀. Ẹ̀rù a wá sọ fún un pé kó tún ìwé náà ṣí, pé kò tí ì tó àkókò láti dán ara rẹ̀ wò, pé kó kọ́kọ́ kà á dáadáa ná. Báyìí ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò yóò fi di ọjọ́ ìdánwò gan-an, nínú gbọ̀ngàn, níwájú olùṣọ́ tó ń wo aago. Mo rò pé ìdí tí gbọ̀ngàn ìdánwò fi ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbìyànjú láti rántí láìsí ìwé níwájú wọn.

Ìlà mẹ́ta yẹn níye lórí. Ó ti fi ibi tí iṣẹ́ kù sí hàn. Ohun tí èmi máa ń ṣe, tí mo sì máa ń ní kí àwọn tí mo ń bá kàwé ṣe, ni pé kí a ṣí ìwé lẹ́yìn náà, kí a fi gègé àwọ̀ mìíràn kọ gbogbo ohun tó kù sórí bébà yẹn kan náà, kí a sì gbé e pa mọ́. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, bébà tuntun ni a ó mú, a kò ní wo ti àtijọ́ títí a ó fi kọ tuntun tán. Àwọ̀ kejì náà a máa dín kù lójú wa, ìyẹn sì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo gbà gbọ́, nítorí pé ó ní ẹ̀rí nínú. Ìbéèrè àtijọ́ náà wúlò lọ́nà yìí, bí a bá ń dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Ẹni tó bá ń ka ìbéèrè pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, tó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, àtúnkà ló tún ń ṣe yẹn. Bákan náà ni kí a ṣàlàyé ẹ̀kọ́ kan sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan kò bá sí, ògiri pàápàá tó, bí ojú kò bá ti ni.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà pé ọpọlọ àwọn kò pé nítorí pé ohun tí àwọn kà lánàá ti fò lọ. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìrántí jáde ní 1885. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwádìí náà. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí àkókò tó ń lò láti tún wọn kọ́ ṣe dín kù sí. Lẹ́yìn ọjọ́ kan péré, àǹfààní kíkọ́ ti àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù fún un kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ìgbàgbé jẹ́ ìwà ọpọlọ gbogbo ènìyàn, ó sì máa ń yára jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó ní ìtumọ̀ máa ń dúró pẹ́ ju sílébù asán lọ, ohun tí a sì fi ọjọ́ pín kà, lónìí, lọ́túnla, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, máa ń dúró pẹ́ ju èyí tí a kó jọ sí òru kan lọ, bí wákàtí tí a lò tilẹ̀ dọ́gba.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń ka èyí ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìdánwò yóò wí: ọjọ́ wo ló kù tí òun yóò pín? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ pé kó gba pé òun kò ní lè ka gbogbo rẹ̀. Ó le láti gbà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìpayà ọjọ́ ìkẹyìn ló ń wá láti inú ṣíṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ṣì lè ṣe é ṣe. Kó yan àwọn ẹ̀kọ́ díẹ̀ tó mọ̀ pé wọ́n máa ń jáde, kó ṣe wọ́n dáadáa, kó sì jẹ́ kí ìyókù lọ.

Ní ti ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ rárá, ètò ńlá kò ní ràn án lọ́wọ́. Francesco Cirillo, ọmọ Ítálì kan, wà nírú ipò yìí ní yunifásítì ní ìparí àwọn ọdún 1980, kí ó tó mú aago kékeré kan láti ilé ìdáná, tó ní ìrísí tòmátì, tó sì ní kí òun fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ kàwé láìgbé ojú sókè. Ọ̀nà tí ó gbé kalẹ̀ nígbẹ̀yìn ni ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́ àti ìṣẹ́jú 5 fún ìsinmi. Kò sí idán kankan nínú 25 yẹn. Bí 10 bá ni ẹ̀rù yóò gbà fún yín, ẹ mú 10. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀rù ìwé máa ń pọ̀ jù kí a tó ṣí i, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí a bá ti wà nínú rẹ̀.

Oorun ni ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù máa ń tà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó tà kẹ́yìn. Nígbà tí a bá sùn, ọpọlọ ń tún ohun tí a kọ́ lójúmọ́ tò, ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá kàwé di òwúrọ̀ ti kó ẹrù wọlé láìjẹ́ kí a tò ó. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé kí ọ̀dọ́ tí kò tí ì pé ọdún 19 máa sùn fún wákàtí 8 sí 10, kí àgbàlagbà má sì sùn dín sí 7. Kọfí tí a fi ń lé oorun lọ kì í sì í tètè kúrò lára: ní nǹkan bí wákàtí 5 lẹ́yìn tí a mu ún, ìdajì kaféènì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ife tí a mu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì ń bá wa jà ní aago méjì òru. Lẹ́yìn òru mélòó kan bẹ́ẹ̀, ìbínú a máa yá ènìyàn, ìbéèrè tó rọrùn a máa le lójú rẹ̀, ẹ̀rù a sì pọ̀ sí i, èyí tí yóò tún mú kí ó fi òru mìíràn kún un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò fúnra rẹ̀ kò pọ̀ lẹ́nu mi, nítorí pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibẹ̀ ló yẹ kó ti parí nílé. Bí iyè bá fò lọ, kí a gbé gègé sílẹ̀, kí a mí wọlé, kí a sì jẹ́ kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìlù àyà máa ń fà sẹ́yìn nígbà tí a bá ń mí jáde pẹ́pẹ́. Kí a wá lọ sí ìbéèrè tí a mọ̀, ì báà jẹ́ èyí tó kéré jù, nítorí pé ìrántí kan máa ń fa òmíràn jáde. Ìwádìí kan tí Gerardo Ramirez àti Sian Beilock tẹ̀ jáde ní 2011 sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà fi ìṣẹ́jú 10 kọ àwọn àníyàn rẹ̀ sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, wọn kò rí àǹfààní kan náà. Ẹni tó bá rí i pé ó tu òun lára lè máa ṣe é. Èmi kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ búra.

Ó ku ẹ̀rù tí kò ti inú ìwé wá, èyí tí ènìyàn gbé lé wa lórí. Ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń fi ìdánwò dí ọ̀nà àtijẹ. Ilẹ̀ Ṣáínà fi ìdánwò ìjọba yan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 1,000, kí wọ́n tó fagi lé e ní 1905, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló sì lo ìgbà èwe wọn tán nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Hong Xiuquan, tún fìdí rẹmi ní 1837, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tó ń rí ìran tí kò yé ẹnikẹ́ni. Òun náà ló wá di olórí ọ̀tẹ̀ Taiping tó mi ilẹ̀ náà tìtì. Ní Gúúsù Kòríà lóde òní, lọ́jọ́ ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní oṣù kọkànlá, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú gbéra tàbí kó balẹ̀ ní àkókò tí àwọn ọmọ bá ń tẹ́tí sí apá èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inú rere ni. Síbẹ̀, mo máa ń rò ó pé, kí ni ọmọ ọdún 18 tó jókòó síbẹ̀ yóò máa rò nígbà tó bá mọ̀ pé ojú ọ̀run dákẹ́ nítorí ti òun?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé. Òbí tó ń pariwo lé ọmọ lórí kò ṣòro láti dá mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí mìíràn kì í pariwo rárá. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí ọmọ, wọ́n gba gbogbo iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ṣeré nítòsí, ọmọ náà sì ń gbọ́ nínú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn pé bí òun bá kùnà, gbogbo ilé ló kùnà. Ẹ̀yin òbí tó bá ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, ẹ má ṣe béèrè máàkì lọ́wọ́ ọmọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kà fún yín. Yóò ràn án lọ́wọ́ láti rántí, ẹ̀yin náà yóò sì mọ ibi tó dé láìfi ẹ̀rù kún ẹ̀rù rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ọ ṣáájú ìdánwò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, pé ipò rẹ̀ nínú ilé kò sí lórí bébà kankan. Tí a bá sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ ẹni, ẹni tó ń béèrè pé "Ibo lo kà dé?" ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò kò wá ìmọ̀. Ẹ̀rù ń bà á ni, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun nìkan kọ́. Irú ìdáhùn méjì ló sì máa ń rí gbà: èkíní a ní òun kò tí ì ka nǹkan kan, èkejì a ní òun ti parí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí ìwé, n kò tí ì rí èyí tó sọ òótọ́ délẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ pa fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má sì dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìdánwò láti fi ìdáhùn wé ìdáhùn, pàápàá bí òmíràn bá ń bọ̀ lọ́la. Kò sí máàkì kan tí àríyànjiyàn yẹn lè mú padà wá.

Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí kò ní tó. Bí oorun bá ti kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí oúnjẹ kò bá lọ mọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sá fún gbogbo ènìyàn, tí ìpayà ń dé sí i lójijì tí èémí rẹ̀ ń há, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ọ̀nà ìkàwé. Dókítà tàbí olùdámọ̀ràn ló kàn, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe lọ bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́. Bí èrò pé ó sàn kí òun má sí láyé bá sì ti yọjú, kó má ṣe dúró di ẹ̀yìn ìdánwò rárá. Kó sọ fún ẹnìkan tó fọkàn tán lónìí, kí ẹni náà sì má ṣe bá a wí, kó jókòó tì í kó sì bá a wá ìrànlọ́wọ́. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìdánwò rẹ̀ tó èyí.

Èsì yóò dé nígbẹ̀yìn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó kàwé dáadáa ló ń yege. Ìbéèrè lè jáde láti ibi tí a kò fojú sí, ara lè má dá lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń du àyè lè pọ̀ ju àyè lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gba ibòmíràn wọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kì í yára fi òwe yìí rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ẹni tó fìdí rẹmi ní ẹ̀tọ́ láti banú jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá ṣetán láti tún un kọ, ẹ̀rù yóò ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, yóò sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, kó tún gbogbo rẹ̀ kà láti òkè dé ilẹ̀. Kó má gbọ́ tirẹ̀. Kó mú bébà ìbéèrè tó já a kulẹ̀ yẹn, kó pa ìwé dé, kó sì dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kò rí dáhùn lọ́jọ́ náà, dé ibi tí ó bá lè dé.